Rìsíìtì Nọ́ńbà Kan

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ̀rọ dákẹ́ ní Mọ́kọ́lá.
Mo fi kẹrosíìnì nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́,
ti abẹ́ èékánná kọ̀, kò lọ.
Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá Alàgbà Oyèdìran tẹ̀wé:
ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ àdúgbò,
orúkọ ẹlòmíràn ni mo ń tẹ̀ láti òwúrọ̀ dalẹ́,
ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà.

Ní Ògùnpa, lẹ́yìn àwọn tó ń ta irin àlòkù,
mo rí ẹ̀rọ ìgéwé kan. Apá rẹ̀ ti dípẹtà,
abẹ rẹ̀ ká létí bí eyín ọmọ ọdún méje.
Ọkùnrin náà ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rin.
Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọgbọ̀n. Òun náà rẹ́rìn-ín,
ó ní, "Ṣé kí n fi owó ọkọ̀ lé e fún ọ ni?"
A nà án títí oòrùn fi yẹ̀ lórí wa.
Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta la parí ẹ̀ sí.
Owó àjọ oṣù mẹ́jọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi lọ.

Awakọ̀ màíkírà wo irin náà, ó wo táyà ara rẹ̀,
ó ní màá san owó èrò mẹ́ta.
Mo san.

Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé màmá àgbà ní Bẹẹrẹ,
níbi tí garawa àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ń gbé,
ibẹ̀ ni mo gbé e sí. Màmá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó:
"Kí ni eléyìí ń jẹ?"
Mo ní ìwé ni. Wọ́n ní, "Ìwé tá a ní kó o kà ńkọ́?"
Mo ń wá èsì, mi ò tíì rí i.

Iná lọ. Mo fi gèlè di tọ́ọ̀ṣì mọ́rí.
Ewé funfun kan, ewé bùlúù kan, kábọ́ọ̀nù láàárín,
mo kà á, mo ṣì í kà, mo tún un kà.
Ìwé àkọ́kọ́ wọ́
bí ẹni tó fi ọ̀tún nìkan sùn mọ́jú.

Lásísì tó ń ta bátìrì l'Ọ́jẹ̀ẹ́,
oníbàárà ọ̀gá mi láti ọdún mẹ́wàá,
ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Wọ́n ní o ti dá tìrẹ sílẹ̀.
Bá mi ṣe ogún ìwé rìsíìtì. Kí bàbá má gbọ́."
Ogún! Mo ṣírò rẹ̀ dé ilé,
mo ṣírò rẹ̀ lórí ẹní.
Ìṣirò náà ń pé, ọkàn mi ni kò pé.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo kúnlẹ̀, mo rò ó fún bàbá.
Wọ́n ń wá awò ojú wọn. Orí wọn ló wà.
Wọ́n ní, "Lásísì? Gbèsè ọdún tó kọjá ń bẹ lọ́rùn ẹ̀.
Gbowó lọ́wọ́ ẹ̀ kó o tó gé ewé kan."
Ó parí. Wọn ò súre, wọn ò bínú.
Lọ́jọ́ owó oṣù, wọ́n yọ owó bébà tí mo bà jẹ́.

Bọ̀dá Mùfú ní kí n kọ ọ́ sára pátákó:
"Mulikátù àti Àwọn Ọmọ."
Ọmọ wo? Ọkọ gan-an dà?
Wọ́n ní, "Wọ́n á wá bá orúkọ nílẹ̀."

Lásísì san ìdajì.
Mo ṣí ìwé tó wọ́ yẹn, èyí tí mi ò lè tà.
Nọ́ńbà kan. Mo kọ orúkọ ẹ̀, mo kọ iye tó san,
mo kọ èyí tó kù, mo fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.
Mo dé ibi tí agbowó ń fọwọ́ sí,
bírò dúró sójú kan.
Ìgbà tó yá, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa,
mo ṣí ewé kejì wò:
orúkọ mi ti rékọjá sódìkejì,
ó ṣú díẹ̀, àmọ́ ó ṣeé kà.

Lọ́jọ́ Ajé, aago méje ààbọ̀,
mo wà ní Mọ́kọ́lá,
mò ń kán òróró sẹ́nu ẹ̀rọ onílé.