Bàtà Pẹ́pẹ́yẹ

Nínú ìwé, ìlà kan péré ni:
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ sì gbé àbúrò pẹ́pẹ́yẹ mì.
Ìyá á yára ka èyí tó kàn,
ọmọ á yán, oorun á dé.
Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, ẹni tí a óò gbé mì ní orúkọ.
Tegid ni, ọmọ ọdún mọ́kànlá.
Ikọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀,
ó sì ti há gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí.

Eluned ló ń sọ ìtàn náà di eré,
olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní ìlú Bala,
létí adágún, ní ilẹ̀ Wéèlì,
níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀.
Ó fi pẹ́ńsù pupa pa ìlà náà rẹ́,
ó tún un kọ, ó tún pa á rẹ́,
tíì rẹ̀ tutù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀.
"Ẹranko inú ìwé kò ní orúnkún," ló sọ fún mi.
"Ènìyàn ló ní orúnkún. Ènìyàn ló ń rẹ̀."

Òótọ́ ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò,
gbogbo wọn fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rìn.
Kí ó tó di ìran kejì
ehoro ti ń bẹ̀bẹ̀ fún tìmùtìmù,
eku sì ga ju òwìwí lọ,
nítorí Rhodri, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, kò yéé ga.
Eluned ní kí wọ́n dìde.
"Ẹ nàró. Ẹ jẹ́ kí ọrùn yín ṣe ẹranko,
kí ẹsẹ̀ yín máa ṣe ènìyàn lọ."
Mererid yí ọrùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
òwìwí wọ inú gbọ̀ngàn,
orí mi wú.

Ó wá ku kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀.
Gwilym alápatà ni a fún.
Ọkùnrin tó ń fi àáké la àgùntàn sí méjì láràárọ̀
kò lè na ọwọ́ sí ọmọ tó wọ ìyẹ́ funfun.
"Ẹ jẹ́ kí n kàn lé e lọ," ló wí.
Ìgbìmọ̀ gbà pẹ̀lú rẹ̀: ọmọdé á sunkún,
tíkẹ́ẹ̀tì kò ní tà.
Ẹnìkan tilẹ̀ ní kí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ máa jẹ ẹ̀fọ́.
Eluned wò ó títí.
"Bí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bá ń jẹ ẹ̀fọ́,
kí ni pẹ́pẹ́yẹ ń sá fún?"
Òjò nìkan ló fèsì, lórí páànù.

Alẹ́ ọjọ́ eré, ohun tí a ṣe kò ju báyìí lọ:
Gwilym ṣí ẹ̀wù pupa rẹ̀ bí ilẹ̀kùn,
Tegid wọ inú rẹ̀ lọ,
ẹ̀wù padé.
Bàtà kan ló kù nílẹ̀,
bàtà òjò kékeré, aláwọ̀ ìyeyè.
Iṣẹ́ tèmi ni kí n ka ení dé àrún
kí n pa iná.
Ení. Èjì. Ẹ̀ta.
Ní ẹ̀ta, ọmọbìnrin kan dìde láàárín èrò,
Non, ọmọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ wàrà, kò ju ọdún márùn-ún lọ.
Ó gun orí ìtàgé láìbèèrè,
ó gbé bàtà náà,
ó da omi tí kò sí nínú rẹ̀ nù,
ó sì nà án sí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀:
"Bá a wọ̀ ọ́. Ibẹ̀ á tutù."

Eluned kò kọ èyí síbì kankan.
Gwilym tẹ́wọ́ gbà á, ọwọ́ alápatà ń gbọ̀n.
A gbọ́ tí Tegid wúkọ́ nínú ẹ̀wù,
ẹ̀ẹ̀kan, bí ẹni kan ilẹ̀kùn.
Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Mo ti ka àrún kọjá, mo ti ka ogún,
ọwọ́ mi wà lórí iná, n kò pa á.

Lọ́jọ́ kejì a tún fi bàtà náà sílẹ̀.
A dúró pẹ́ ju bó ti yẹ lọ,
kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ń wo èrò, èrò ń wo bàtà.
Kò sẹ́ni tó wá.
Mo pa iná.