Nọ́ńbà Mẹ́tàdínláàádọ́ta

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ajórinmọ́rin ní Kubwa la ti ṣe àwo náà,
yàrá kan ṣoṣo, fóòmù àlòkù mẹ́rin lára ògiri,
ọ̀kan ṣì ń rùn fún ìtọ̀ ọmọ ọlọ́mọ.
Baálé ṣọ́ọ̀bù ń jó irin mọ́ irin lọ́sàn-án,
àwa ń jó irin mọ́ orin lálẹ́.
Tersugh ń lu ìlù bí ẹni tí gbèsè ń lé.
Asabe ha gìtá títí okùn fi là á níka,
ó ní kí ẹnikẹ́ni má dá òun dúró,
ẹ̀jẹ̀ kì í ba orin jẹ́.

Èmi ni mò ń bú ramúramù.
Lójú ọ̀sán, akọ̀wé ni mí níbi owó ìfẹ̀yìntì,
mo wọ táì, mò ń sọ fún arúgbó pé,
"Bàbá, ẹ lọ mú ẹ̀rí wá pé ẹ ò tíì kú."
Ta ni yóò wí bẹ́ẹ̀ láti aago mẹ́jọ dé aago mẹ́rin
tí kò ní bú bí ẹranko tílẹ̀ bá ṣú?

Nínú orin kìíní, òkú jí ní mọ́ṣúárì,
ó ní ooru pọ̀, ṣé wọ́n ti tún múná lọ ni?
Nínú ìkejì, onílé sàréè
ń béèrè owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà,
àti owó lọ́yà.
Nínú ìkẹta, ìdin wọ ikùn ọlọ́lá kan,
wọ́n bá ilé ìwé mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n bá afárá kan
tí gbogbo ìlú ti wá tì.
Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò gba inú ìyẹn kọjá, gbùùùù,
a fi í sílẹ̀,
a kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn páálí, lẹ́yìn tiwa.

Owó àjọ Asabe la fi tẹ àádọ́ta.
Mọ́kàndínlógún la tà.
Ẹnì kan dá tirẹ̀ padà, ó ní ó ti bàjẹ́.
A jókòó tì í, a ṣàlàyé pé bó ṣe ń dún nìyẹn.
Ìyá mi gbọ́ ìṣẹ́jú kan lórí fóònù,
"Ṣé eyín ni? Fi iyọ̀ sómi gbígbóná."

Orin keje ni mo fi pamọ́ fún bàbá mi.
Arúgbó kan kú lórí ìlà, nínú oòrùn,
ìlà ò dúró, wọ́n ń tì í síwájú, díẹ̀díẹ̀,
títí ó fi dójú fèrèsé.
Akọ̀wé ní, "Ẹ buwọ́ lùwé níbí."
Òkú buwọ́ lù ú.
Akọ̀wé ní kò jọ ti tẹ́lẹ̀.

Bàbá tí Zaria wá fún àyẹ̀wò,
ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n nídìí rélùwéè,
ó sùn sílé mi, ó rí àwo náà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n,
ó tẹ̀ ẹ́ kí n tó ti balùwẹ̀ jáde.
Orí rẹ̀ ń mì. Ó ní búrẹ́kì já lọ́wọ́ ẹnjìnnì kan
lẹ́bàá Kafanchan nígbà kan,
bó ṣe ké nìyẹn, láti ìgbà náà
òun ò gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Ó kan ìkeje. Mo na ọwọ́ kí n pa á.
Ó gbá ọwọ́ mi nù.
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.
Lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan.
Afẹ́fẹ́ fáànù ń ṣí ìwé rẹ̀ lórí tábìlì,
fọ́tò méjì, ìwé ìbí, lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́.

"O pa mí dáadáa," ni ó wí.
"Ṣùgbọ́n o gbàgbé nọ́ńbà mi.
Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni mo dì mú lónìí.
Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n ti fèrèsé."

Fèrèsé kejì ni. Mo mọ ẹni tó tì í,
a jọ jẹ ẹ̀wà lọ́sàn-án.

"Tún un tẹ̀," ni bàbá mi wí,
"kí o sì yí i sókè."