Ibi Tí Ohùn ti Là

Bàbá mi kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ìyá mi.
Ó gbọn erùpẹ̀ Téksáàsì kúrò nínú bàtà,
ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ń dúró de òun.
Àfi alẹ́ ọjọ́ kan, nílé epo Halvorsen,
tí rédíò gbé ohùn Dellard Pruitt jáde:
ọmọ mẹkáníìkì, tẹ́ẹ́rẹ́ bí òpó wáyà,
tí í kọrin bí ẹni tó ń bẹ ilẹ̀kùn.

Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, bí omi tó ń wá ooru lórí ààrò.
Gìtá ń sáré, ìlù ń lé e,
òun kò bá ẹnikẹ́ni sáré.
Ó gòkè, ó tún gòkè.
Níbi tó yẹ kí ohùn sinmi,
ó là,
bí igi gbígbẹ ṣe ń là nínú iná.
Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó fi fìlà bojú.
Mo ka ọkọ̀ mẹ́sàn-án tó kọjá
kí ó tó sọ pé eruku ló kó sí òun lójú.

Ẹ̀rọ ti dé báyìí tí ń fọ ohùn mọ́ bí abọ́.
Dellard ti wà nínú ilẹ̀ láti ọdún ọ̀dá.
Ṣùgbọ́n lánàá, nínú gáréèjì,
Corbin ọmọ ọmọ mi,
tó ní orin àtijọ́ kì í wọ òun létí,
ké sínú makirofóònù rẹ̀,
mo sì gbọ́ ọ: ibẹ̀ gan-an ló ti là.
N ò sọ ẹni tó ni ín fún un.
Mo fara ti ògiri.
Eruku kó sí mi lójú.