Ìṣẹ́jú-Àáyá Mẹ́ta

Ní Oulu, nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́,
oòrùn á yọjú ní aago mẹ́wàá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó;
kí aago mẹ́ta tó lù, ó ti ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Òkun dì gbagidi. Mọ́tò ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ pé aṣọ́nà sùn.
Mo sọ ọ́ níwájú ọ̀gá, mo nàka,
nítorí Veikko ní ẹ̀ka ìsanwó ṣí lẹ́tà kan,
"owó pákó oṣù tó kọjá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè san."
Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo,
kọ̀ǹpútà rẹ̀ gan pa,
àwòrán ọmọbìnrin rẹ̀ níbi tó ti ń kọ́ odò wíwẹ̀
di ohun tí ojú kankan ò lè kà mọ́.

Hilkka Rautio kò dá mi lóhùn.
Ó wọ yàrá àwọn ẹ̀rọ lọ, níbi tí òtútù ti ń ṣọ́ ooru,
ibọ̀wọ́ lọ́wọ́ òsì, ọ̀tún ló fi ń tẹ̀,
súìtì dúdú oníyọ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́,
ó ń ka àkọsílẹ̀ ẹnu ọ̀nà ní ìlà kọ̀ọ̀kan:
ta ló dé, aago mélòó, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, kí ló rí.
Òru mẹ́rin.

Aṣọ́nà kò sùn rí.
Lẹ́tà tó bá dé, á tú u, á yí i po, á gbọn àpò rẹ̀,
á gbé ojú rẹ̀ ka ìwé tí a ya àwòrán àwọn olè sí.
Ṣùgbọ́n olè ń bímọ lójoojúmọ́,
ìwé ń gbó kí oòrùn tó kanrí;
nítorí náà, bí aago bá ti lù,
aṣọ́nà á wọ ìyẹ̀wù lọ mú ìwé tuntun.
Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ènìyàn ò tíì sín tán.

Ẹni tó ń gba lẹ́tà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ẹlòmíràn ni.
Ó ké sí aṣọ́nà: "Ṣé èyí dára?"
Inú ilé dákẹ́.
Ẹnì kan, níbì kan, lọ́dún tí a ò mọ̀,
ti kọ ọ́ sí i nínú pé bí o kò bá gbọ́ "rárá",
"bẹ́ẹ̀ ni" lo gbọ́.
Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún lẹ́tà.
Wọ́n ní ẹni tó dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.
Ẹni tí kò sí nílé ńkọ́?

Lọ́sàn-án, a dán an wò níṣojú ọ̀gá.
Aṣọ́nà gbá a mú. A tún ṣe é. Ó gbá a mú.
Àbùkù yìí dà bí ọmọ tó ń fọ́ àwo:
ẹ wò ó, ó káwọ́ sẹ́yìn;
ẹ yíjú báyìí, àwo ti fọ́.
Igba lẹ́tà ni Hilkka fi ránṣẹ́. Igba ló padà.
Ọ̀kànlénígba bọ́ sí aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú-àáyá kan,
ó wọlé wẹ́rẹ́, bí ọmọ onílé.

Mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ẹ̀rín ẹni tó rí abẹ́rẹ́ tó gún un lẹ́sẹ̀.
Ó fi ìlà méjì hàn mí, ọ̀kan lórí èkejì:
aṣọ́nà kúrò. Lẹ́tà wọlé.
Kò sọ pé mo purọ́ mọ́ ẹ̀rọ.
Ìtìjú mi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ìlà kan ló fi tún un ṣe:
bí o kò bá gbọ́ nǹkan kan, dúró.
Báyìí, bí wákàtí bá pé,
lẹ́tà ìfẹ́, lẹ́tà gbèsè, gbogbo wọn á tò sẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n á ka ení, èjì, ẹ̀ta.

Àwòrán ọmọ Veikko kò padà.
Tẹ́lẹ̀, tó bá kanlẹ̀kùn tí a ò fèsì,
á kàn wọlé ni, á máa wá kọfí kiri.
Lánàá ó kànlẹ̀kùn. Ariwo ẹ̀rọ ti di mí létí.
Nígbà tí mo jáde, mo bá a lórí ìdúró,
yìnyín ń yọ́ lórí bàtà rẹ̀.
Ó ní, "O ò dáhùn."