Kí Ẹ̀rọ Tó Wọgbó

Oṣù Èrèlé. Koríko ti kú, ewé ti wọ́lẹ̀;
ìgbà yìí nìkan ni òkè Coed Hirddu, nílẹ̀ Wélsì,
máa ń jẹ́ ká rí egungun òun.
Àwa mẹ́fà tò ní ìlà kan,
ẹsẹ̀ mẹ́wàá láàárín ẹnì kan sí ẹnì kejì,
à ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni tó sọ òrùka nù.
Orúnkún mi ọ̀tún ń ráhùn. Mo ní kó dákẹ́.

Tegwen ló ṣáájú. Ọdún mọ́kànlélógójì ló fi pín lẹ́tà
láwọn abúlé ìsàlẹ̀ wọ̀nyí;
ó mọ ilé tí ajá rẹ̀ ń buni jẹ,
ó mọ ilé tí lẹ́tà kì í dé mọ́.
Àdírẹ́sì àwọn òkú ló ń wá báyìí.

Máàpù wà lọ́wọ́ rẹ̀, nínú ọ̀rá, nítorí òjò.
Ọkọ̀ òfurufú kan ló yà á:
ó ta ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ láàárín ẹ̀ka,
ó bọ́ aṣọ igi lára òkè láìgé ẹ̀ka kan,
òkè wá dúró níhòòhò, àmì róbótó-róbótó kún un lára
bí àpá ilẹ̀ gbígbóná.
Ilẹ̀ ọ̀hún sì gbóná rí lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n máàpù kì í tọ́ ilẹ̀ wò.
Àmì mìíràn, ibi tí ìjì ti fa igi tu ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹsẹ̀ èèyàn ló ń jẹ́rìí.

Pèpéle kan rèé tí wọ́n gbẹ́ sára òkè,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó fẹ̀ tó yàrá ìdáná mi lọ́nà mẹ́ta.
Ẹranko onílà funfun lójú tó ń gbé inú ihò
ti bá wa ṣiṣẹ́ lóru: ó wú yẹ̀pẹ̀ síta,
yẹ̀pẹ̀ dúdú, dúdú bí ìdí ìkòkò.
Tegwen fìka méjì mú un, ó fọ́ ọ, ó gbóòórùn rẹ̀.
"Èédú," ló wí, bí ẹni tó pàdé ojúlùmọ̀.
Àwọn kan to igi jọ síbí, wọ́n fi eèpẹ̀ bò ó,
wọ́n jókòó tì í tọ̀sán tòru kó má baà jó geere.
Wọ́n ní iná kú, ó feérú bojú;
níhìn-ín, iná kú, ó fewé bojú.

Nọ́ńbà kẹtàdínlógún. A so ọ̀já aláwọ̀ ọsàn mọ́gi.

À ń kánjú. Àrùn ti wọ àwọn igi áàṣì,
orí wọn ń pá, ẹ̀ka wọn ń já lu ọ̀nà.
Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ̀rọ agégi yóò wọgbó,
táyà rẹ̀ ga ju Tegwen lọ.
Ìgbó gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú, kò sẹ́ni tó ń jiyàn.
Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀,
ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é lórí
nígbà tí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé orí ni?

Lọ́sàn-án, Ithel tó ń wa ẹ̀rọ náà gòkè wá bá wa,
fúláàsì tíì lábíyá, kò rẹ́rìn-ín.
"Ẹ ti so ọ̀já mọ́gi tán. Ṣé kí n máa fò ni?"
Tegwen ṣí máàpù:
"Níbo lo máa ń gbé ẹ̀rọ sí bílẹ̀ bá ṣú?"
"Níbẹ̀ yẹn, lábẹ́ igi óákù. Ibẹ̀ nìkan ló tẹ́ lórí òkè yìí."
Nọ́ńbà kẹrìnlélógún.
Ó wolẹ̀. Ó fi orí bàtà ha ewé kúrò,
ó tún ha á,
dúdú yọ.
Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
"Ogún ọdún. Mi ò bi ara mi rí pé ta ló tẹ́ ẹ."
Ó nawọ́ gba ọ̀já kan lọ́wọ́ mi,
ó so ó le débi pé ọ̀bẹ nìkan ló lè tú u.

Nílé, mo fọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.
Dúdú díẹ̀ kù lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò mi;
mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.
Lọ́la, ìhà àríwá: ó ku àmì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n,
ó ku orúnkún kan.