Ìkòkò Mélòó Ló Wà Nínú Rẹ̀?

Mo gbé fáìlì náà sórí òṣùwọ̀n yàrá ìwádìí,
èyí tí a fi ń wọn eérú ní gíráàmù kọ̀ọ̀kan.
Òṣùwọ̀n kọ̀, ojú rẹ̀ ṣú.
Mo bá gbé e tọ alẹ́ran lọ lẹ́nu géètì Sámárù:
kílò mẹ́ta àti ààbọ̀.
Ọdún mọ́kàndínlógún mi nìyẹn,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó itan ewúrẹ́ méjì.

Iṣẹ́ mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀.
Nínú mọ́kànlá, orúkọ mi ló ṣáájú,
Oyèkànmí, A. B.,
kí àmì ìdánudúró díẹ̀ tó ya àwọn yòókù sẹ́yìn.
Níbòmíràn èmi ni ẹnì kẹta, èmi ni ẹnì karùn-ún,
níbì kan èmi ni "àti àwọn mìíràn",
ẹni tó bá fẹ́ rí mi níbẹ̀ á tan fìtílà.
Méjì sì wà tí n kì í fẹ́ kí ọmọ mi kà:
jọ́nà tó gbowó mi lọ́jọ́ Ajé,
tó gba iṣẹ́ mi wọlé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,
tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́ kí òjò tó dá.

Ìgbìmọ̀ yóò jókòó lọ́jọ́bọ̀.
Wọn yóò kà á. Wọn yóò béèrè ẹni tó tọ́ka sí mi,
mélòó ní Íńdíà, mélòó ní Tọ́kì.
Wọn kò ní béèrè òru tí Nẹ́pà múná lọ
tí álúmínì yíyọ́ ṣì wà nínú ìléru,
tó dì, tó di òkúta mọ́ ibẹ̀,
tí èmi àti Habila ń fi òòlù bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Wọn kò ní béèrè èérún irin mẹ́fà
tí mo dì sínú ìbọ̀sẹ̀ ọmọ, tí mo fi rán ẹni tó ń lọ sí Pretoria,
torí awò tó ń rí inú irin kò sí nítòsí wa,
àti bí mẹ́rin ṣe padà, tí ìbọ̀sẹ̀ kò padà.

Ṣùgbọ́n Lawali, tó ń rọ ìkòkò lẹ́yìn ọjà,
tó ń yọ́ àgékù ẹ́ńjìnnì àti agolo nínú kòtò
bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń fẹ́ ewìrì,
òun ló sọ fún mi, lọ́dún tí àdàlù mi ń sán bí ètè nínú ọyẹ́:
"Dókítà, eérú ìrẹsì rẹ ń mu omi.
Yan án kó gbẹ kó tó pàdé iná.
Ohun tútù kì í wọlé tọ ohun gbígbóná láìjà."
Mo yan án. Ó gbà.
Iṣẹ́ kẹtàdínlógún nìyẹn, ojú ewé kẹrin:
"A yan eérú náà fún wákàtí méjì."
A.
Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?
A yan eérú, a kò yàn Lawali.

Lánàá mo gbé fáìlì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó ṣí i,
ó wo àwòrán inú irin pẹ́, bí ẹni tó ń wo oko láti orí òkè.
"Ìkòkò mélòó ló wà nínú rẹ̀?"
Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.
Mo ní, "Méjì. Ọ̀kan ń jò."
Ó ní, "Gbé èyí tó ń jò wá. Iná ṣì wà."

Lóru, mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ̀ sí etí ojú ewé kẹrin.
Mo pa á rẹ́.
Mo tún un kọ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ sí i.

Ìkòkò náà ńkọ́? N kò lè gbé e lọ.
Ó wà lẹ́yìnkùlé, ìyàwó mi ti gbin ewúro sínú rẹ̀.
Ihò ìdí rẹ̀, ó ní, ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò rà.