Àjà Kẹsàn-án

Ní Gldani, ní ìpẹ̀kun ìlú Tbilisi,
ẹ̀rọ agbéniròkè kì í gbéni lọ́fẹ̀ẹ́.
Ogún tẹ́tírì ni ẹ ó fi sí i lẹ́nu
kó tó mira bí ẹṣin arúgbó.

Àjà kẹsàn-án ni Otar Jincharadze ń gbé,
agbátẹrù fíìmù tí kì í gbé fóònù ẹnikẹ́ni.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró nísàlẹ̀ nínú òtútù,
ogójì ojú-ìwé lábẹ́ abíyá mi.

Ó wọlé. Mo wọlé. Èmi ni mo sanwó.
"Lamzira lorúkọ mi," ni mo wí,
mo sì mú un láti ìgbà ìwáṣẹ̀:
ọdún tí iná kú káàkiri ìlú,
bí ìyá mi ṣe ń dáná lórí sítóòfù kẹrosíìnì,
ohun tí yìnyín túmọ̀ sí,
àlàyé lórí àlàyé.
Àjà kẹta kọjá. Ó ń wo bàtà rẹ̀.
Àjà kẹrin. Ó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú àpò.

Bàbá mi ta èso àjàrà létí títì títí ó fi kú.
Ó ní ẹni tó ń pìtàn igi fún oníbàárà,
èso rẹ̀ á rà mọ́ ọn lọ́wọ́.
Fi ẹyọ kan sí i lẹ́nu.

Mo pa ìwé dé.
"Ọ̀gá, ọkùnrin kan ló ń kó owó inú ẹ̀rọ bí èyí.
Lọ́jọ́ Ẹtì kan ó ṣí àpótí,
ó bá lẹ́tà láàárín owó wẹ́wẹ́.
Àbúrò rẹ̀ tó sin lọ́dún tó kọjá ni wọ́n kọ ọ́ sí.
Inú ilé yìí lẹni tó kọ ọ́ ń gbé.
Ilẹ̀kùn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta."

Mo dákẹ́.
Ẹ gbà mí gbọ́, dídákẹ́ ló le jù.
Ahọ́n ń yún mi bí ẹni tó lá èsìsì:
mo fẹ́ sọ bó ṣe parí,
mo fẹ́ tọrọ àforíjì pé n kò ṣe fíìmù rí.
Mo gé e jẹ.

Ìró okùn irin nìkan.
Àjà kẹjọ.
Àjà kẹsàn-án. Ilẹ̀kùn ṣí.
Ó gbé ẹsẹ̀ kan síta, èkejì kò tẹ̀ lé e.

"Kí lọkùnrin yẹn ń fẹ́ gan-an?"
"Kó mọ ẹni tó fẹ́ràn àbúrò rẹ̀ ju òun lọ."
"Ta ni kò fẹ́ kó mọ̀?"
"Ìyàwó rẹ̀."

Ilẹ̀kùn ń gbá a léjìká.
Ó padà wọlé, ó tú àpò,
ó fi ogún tẹ́tírì tirẹ̀ sí ẹ̀rọ lẹ́nu.
"Ká tún sọ̀ kalẹ̀," ó ní. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

Títí di òní,
kò tíì béèrè ogójì ojú-ìwé yẹn.